Kọ́kọ́rọ́ Fóònù Wa, Ọwọ́ Ta Ló Wà?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, ẹ̀ka Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

   

Nígbà tí àwọn olóyè ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí ọ̀rọ̀ owó yíyá àti èlé. A ó kàn án, ṣùgbọ́n òun kọ́ la gbé wá. Ọ̀rọ̀ fóònù la gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni o. Ta ni nínú wa tí kì í wo alẹ́ẹ̀tì lórí fóònù kó tó gbé ọjà fún oníbàárà? Ta ni kì í fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún un láti Òṣogbo tàbí láti Ìbàdàn? Àwọn tó ń ná ọjà Ìkìrun, àwọn tó ń ná Ìnísà, àwọn tó ń ná Òkukù, fóònù ni gbogbo wa fi ń mọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì kí a tó wọ ọkọ̀. Ó ti di igbá ọjà wa. Ṣùgbọ́n igbá yìí ní ìsàlẹ̀ kan tí wọn kì í fi hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Kọ́ńgò méjì lè rí bákan náà lójú kí inú wọn má rí bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ oníbàárà jẹ á lu ìdí kọ́ńgò tirẹ̀ wọnú díẹ̀, á sì fi gààrí bò ó. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó ilé tó gbọ́n fi ń yí kọ́ńgò dé, tó ń fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, kó tó ní kí wọ́n wọn ọjà fún òun. Kò sí ọlọ́jà olóòótọ́ tí ìyẹn ń bí nínú.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ ìlọta. Ìdè tí wọ́n fi ń fún un, tí wọ́n fi ń tú u, wà níwájú gbangba. Bí èèyàn bá gbé ẹ̀wà àkàrà lọ, á ní, “Ẹ bá mi fún un dáadáa, kó kúnná.” Bó bá jẹ́ àgbàdo ògì ni, ọ̀nà tirẹ̀ náà wà. A ò tíì rí ẹni tó ń lọta tó fi ìdè ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ògiri rí, tó wá ń sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ má ṣèyọnu, a ti bá yín yan bí ẹ̀wà yín ṣe máa rí.”

Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó dé ọwọ́ wa ni àwọn tó ṣe é ti bá wa yan ohun gbogbo: àwòrán tó máa wọlé fúnra rẹ̀, ẹni tó lè fà wá sínú gúrúùpù, áàpù tó máa máa jẹ dátà nígbà tí a bá sùn. Ìdè tí a lè fi yí i padà wà o, a ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n yàrá inú yàrá ni wọ́n gbé e sí. Èèyàn á wọ Settings, á tún wọ ibòmíràn nínú rẹ̀, á tún wọ òmíràn. Nínú fóònù míì, ọ̀rọ̀ kan á wá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n kọ Advanced sí. Bí ìyá bá ní kí ọmọ ka ìyẹn fún òun, ọmọ á ní ó túmọ̀ sí ibi tó wà fún àwọn tó ti jìnnà nínú ìmọ̀. Ìyá á sì padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà míì, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti orúkọ yẹn ná, torí òun ló dùn wá jù. Ìyá kan nínú wa, tí wọ́n fún wa láyè láti sọ ọ́ bí a kò bá ti dárúkọ àwọn, nílò owó ilé-ìwé ọmọ kíákíá. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n yá kò tíì tán nílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ tún wá síwájú ìgbìmọ̀. Ọmọ àbúrò wọn bá fi áàpù ayánilówó kan hàn wọ́n. Wọ́n forúkọ sílẹ̀, owó wọlé kí omi tó hó lórí iná. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti dá a padà, pẹ̀lú èlé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ keje dé, owó kò pé. Ní ọjọ́ kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fóònù àwọn èèyàn: ẹni tó ń já ata fún wọn ní Òkukù, olórí àdúrà, ẹni tó ń bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àna wọn ní Ọ̀fà. Wọ́n lẹ àwòrán ìyá yìí mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni, kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún un. Àna pè láti Ọ̀fà, ó ń béèrè ohun tí wọ́n jí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìsọ̀ wọn fi wà ní títì. Gbogbo owó tó fa èyí kò tó owó àpò ìrẹsì kan.

Báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ńbà àna? Ìyá kò fún wọn. Fóònù ló fún wọn. Nígbà tí áàpù náà kọ́kọ́ wọlé, ó béèrè pé ṣé òun lè wo orúkọ àwọn èèyàn tó wà nínú fóònù. Bọ́tìnnì méjì ló wà. Èyí tó ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” kì í jẹ́ kí nǹkan tẹ̀síwájú, ni wọ́n bá tẹ èyí tó ní Allow. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé wọ́n lè padà wá gba àṣẹ yẹn. Wọ́n san owó náà tán, oṣù mẹ́rin kọjá, àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ áàpù náà, bíi kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ayálégbé tó ti kó jáde.

Ìtàn wà nídìí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, torí ó máa ń ṣe wá bíi pé àìmọ̀wé wa ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Android ni orúkọ ètò Google tó wà nínú Tecno, Infinix, itel, Samsung àti èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù ọwọ́ wa. Nígbà tí ètò yìí kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni áàpù máa ń gba gbogbo àṣẹ. Kó tó wọlé, á to ohun tó fẹ́ sílẹ̀. Èèyàn á gba gbogbo rẹ̀, tàbí kó má gbé e wọlé rárá. Ní ọdún 2013, tí Android 4.3 jáde, àwọn tó mọ inú fóònù dáadáa ṣàwárí ibì kan tó ń jẹ́ App Ops. Kò sí nínú Settings. Inú òkùnkùn ló wà, àfi kí èèyàn wá áàpù kékeré míì tó máa bá a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá débẹ̀ lè sọ fún áàpù kọ̀ọ̀kan pé: ìwọ, o kò gbọdọ̀ wo orúkọ àwọn èèyàn mi, ìwọ, o kò gbọdọ̀ mọ ibi tí mo wà. Ohun tí ìyá wa nílò gan-an nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Android 4.4.2 jáde, App Ops sì di àwátì. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, EFF ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yin Google nítorí ilẹ̀kùn yẹn tán ni. Wọ́n béèrè ohun tó dé. Google dá wọn lóhùn pé ìdánwò lásán ni, àṣìṣe ló mú un jáde, ó sì lè ba iṣẹ́ àwọn áàpù kan jẹ́. Ó lè ba iṣẹ́ áàpù jẹ́! Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra fóònù wá ńkọ́? Ó di ọdún 2015, tí Android 6.0 dé, kí wọ́n tó gbé e síta, tí áàpù wá ń béèrè àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ni fóònù sì lè gbà á padà nígbà tó bá fẹ́. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi ní ìdè yẹn lọ́wọ́ tí wọn kò fún wa.

Nílé wa níbí, ìjọba náà ti rí ohun tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn N10 million lé Soko Lending Company lórí, nítorí bí wọ́n ṣe ń fi ohun ìkọ̀kọ̀ àwọn èèyàn ṣeré. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2023, Google fúnra rẹ̀ ṣòfin pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ àwọn èèyàn inú fóònù mọ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan fọ́tò. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Gbogbo rẹ̀ dára, a kí wọn. Ṣùgbọ́n áàpù míì wà tí kì í gba ọwọ́ Google kọjá rárá. Wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ sí èèyàn lórí WhatsApp pé kó tẹ ibẹ̀, owó wà ńlẹ̀. Kí òfin Àbújá tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti kọ̀wé sí àna.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Apps sí, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kí ẹ wá Permissions. Ẹ ó rí Contacts níbẹ̀, ìyẹn orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Don’t allow. Orúkọ tí fóònù kọ̀ọ̀kan fún àwọn yàrá yìí lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Permissions yẹn ni kí ẹ máa wá. Ẹ máa rí ohun ìyanu. Ọ̀kan nínú wa rí i pé tọ́ọ̀ṣì orí fóònù òun, tọ́ọ̀ṣì lásán-làsàn, ní àṣẹ láti gbọ́ ohùn. Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbọ́? A tún gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: gbígba àṣẹ padà kò lè dá ohun tí wọ́n ti kó lọ padà. Bí áàpù bá ti ka orúkọ àwọn èèyàn yín tán, ó ti kà á tán nìyẹn. Kí ẹ tó tẹ Allow lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dára jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn olóyè wa kí a tó kúrò lórí èyí, ẹ má bínú. Ìyá yìí kò sá lọ sórí fóònù torí pé wọ́n fẹ́ràn fóònù. Wọ́n sá lọ torí pé fóònù kò béèrè onídùúró méjì, kò sì ní kí wọ́n dúró dìgbà ìpàdé oṣù. Bí ẹgbẹ́ bá lè ya owó kékeré kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, tí alága àti akápò lè fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ayánilówó yẹn ò ní rí wa mú. A ti kọ ọ́ sínú ìwé, a ti fún akọ̀wé.

Ó wá kan ti owó. Gúrúùpù ẹgbẹ́ wà, gúrúùpù ìjọ, gúrúùpù àsálátù, gúrúùpù ẹbí ọkọ, gúrúùpù àwọn tí a jọ parí ìwé mẹ́fà. Èwo nínú wọn ni kì í fi àwòrán ránṣẹ́ láàárọ̀? Òdòdó, àdúrà, fọ́tò ìsìnkú ẹni tí a kò mọ̀ rí. Bí WhatsApp ṣe máa ń wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, fọ́tò wọ̀nyí ń fi dátà wa wọlé fúnra wọn, yálà a fẹ́ wò ó tàbí a kò fẹ́. Ẹni tó ra dátà láàárọ̀ tó sì tán kí oòrùn tó kàn àtàrí á máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà míì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wọ Settings WhatsApp, ẹ wọ Storage and data, ẹ wá When using mobile data, kí ẹ yọ gbogbo àmì tó wà níbẹ̀ kúrò. Láti ìgbà náà, fọ́tò tí ẹ bá fọwọ́ kàn nìkan ló máa wọlé. Nínú Privacy, ẹ ó rí Groups. Àtọdún 2019 ló ti wà níbẹ̀, òun lẹ fi lè pinnu ẹni tó lè fà yín sínú gúrúùpù. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ayé ló lè fà yín wọlé, àti àwọn oní-owó-ìlọ́po-méjì.

Èyí tó wá bí wa nínú jù nínú WhatsApp ni ti ààbò. Láti oṣù Kejì ọdún 2017 ni wọ́n ti ní ìdè kan fún gbogbo èèyàn: nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ fúnra yín yàn, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí WhatsApp yín lórí fóònù míì gbọ́dọ̀ mọ̀. Two-step verification ni wọ́n pè é, inú Account ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn irin, wọ́n gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó lọ gbé e. Ẹ sì mọ àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń pe àwọn ìyá wa pé, “Mọ́mì, nọ́ńbà kan ṣèèṣì wọ fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.” Ìyá á kà á, WhatsApp rẹ̀ á di tiwọn, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ̀ yá owó káàkiri ọjà. Bí ìdè yẹn bá wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí ìyá ṣèèṣì kà nìkan kò lè ṣí i fún wọn. Ohun tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ olè báyìí, ṣé inú ìkọ̀kọ̀ ló yẹ kó wà?

Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ní tiwọn. Àtọdún 2016 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, ti ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè fi sọ pé òun kò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó mọ́. Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Ó tán. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ nọ́ńbà yẹn rí? Ẹ na ọwọ́ sókè ká rí i. Ẹ ṣé, a ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn, ti orin tí wọ́n fẹ́ fi sórí ìpè yín, ń wọlé láìjẹ́ pé ẹ wá a. Nígbà tí NCC sọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí di ọ̀kan náà fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọdún 2023, 305 ni wọ́n yàn fún dídá iṣẹ́ tó ń jẹ owó ìpè dúró, 310 fún wíwo owó tó kù, 323 fún dátà tó kù. Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìkówópamọ́ yín.

A ò ní pẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń na fóònù jìnnà sójú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ara rẹ̀, Font size ló ń jẹ́, inú Display ló wà. Lẹ́tà á tóbi. Ìyá àgbà kan ní Ìnísà sunkún ọjọ́ tí wọ́n rí i, wọ́n ní ojú àwọn làwọn rò pé ó ti lọ.

Àwọn kan á sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n wá kó gbogbo ìdè síta kí ọmọdé máa yí i bó ṣe wù ú ni? A gbọ́. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú àwọn fóònù Android wọ̀nyí, yàrá kan wà tó ń jẹ́ Developer options. Àtọdún 2012, nínú Android 4.2, ni wọ́n ti fi pamọ́: àfi kí èèyàn wọ About phone, kó wá Build number, kó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Ní ẹ̀ẹ̀keje, fóònù á kí i pé ó ti di ẹni tó ń ṣe áàpù. Ọmọ yín kan máa fi ṣeré lọ́jọ́ kan, bí kò bá tíì ṣe é. Ohun tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ áàpù ni; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi jẹ́ kí fóònù máa ṣe wérewère, ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀ wọ inú fóònù láti orí kọ̀ǹpútà. Áàpù bánkì míì kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ti ṣí i. Bí wọ́n ṣe ti yàrá yẹn, a fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ṣí i lórí fóònù yín, ẹ ní kí wọ́n tì í padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ yàrá yẹn títí ayé kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí Permissions wà pàdánù orúkọ rẹ̀. Wọ́n wá ń fi èdè kan náà ṣe àlàyé méjèèjì fún wa, pé kí nǹkan má baà dàrú mọ́ wa lójú ni. Èyí tó bá lè ba fóònù jẹ́, ẹ tì í. Èyí tó jẹ́ owó wa àti orúkọ wa, iwájú ilé ló yẹ kó wà, ká sì kọ ọ́ ní èdè tí a gbọ́.

Kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe fóònù nìkan. Àwọn ọmọ wa tó ti ń tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí Office 2000, tí Microsoft ní kó máa fi àwọn iṣẹ́ tí èèyàn kì í sábà lò pamọ́ fúnra rẹ̀. Èèyàn á wá ohun tó rí lánàá, kò ní rí i lónìí, àfi kó tẹ ọfà kékeré kan kó tó yọjú. Ìbínú pọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí Office 2007 dé, wọ́n pa á tì.

Èyí tó kẹ́yìn kan gbogbo ilé. Ètò ìṣirò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan la ti rà á, a kò ní dárúkọ wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìpàdé gbogboogbò wá jókòó, ẹ sì dìbò pé kí èlé owó yíyá wálẹ̀. Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti yí i, wọn kò rí ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í yọjú sí ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá ní password kan, password náà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wa. Wọ́n ní ká san owó kí ẹnì kan tó lè wá. Oṣù méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà fi ń ka èlé àtijọ́ sórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí akápò ń fi bírò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí gbogbo ilé fẹnu kò sí ní gbangba, ọkùnrin kan tí a kò rí rí ló ń dá a dúró.

Wọ́n ní torí ààbò ni, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ da ìṣirò rú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò yẹ kí gbogbo ọwọ́ tó bá kan kọ̀ǹpútà lè yí èlé. Àmọ́ àpótí owó ẹgbẹ́ wa, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Káfíńtà tó kan àpótí náà kò mú kọ́kọ́rọ́ kankan lọ sílé.

Bí a ṣe yanjú rẹ̀ nìyí. A sanwó ẹ̀ẹ̀kan yẹn, a sì ní kí ẹni tó wá má lọ àfi tó bá kọ password náà sílẹ̀. Ó wà nínú àpòòwé méjì tí a lẹ̀ pa, alága mú ọ̀kan, akápò mú ọ̀kan. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i, akọ̀wé á kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ kò ní ra ètò kọ̀ǹpútà kankan tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò bá sọ ọ́ kedere pé kọ́kọ́rọ́ jẹ́ tiwa, àti pé a lè tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ wa jáde sórí bébà nígbà tó bá wù wá. Ìwé ńlá tí akápò ń fi bírò kọ, a kò ní pa á tì. Àwọn ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín ìwé náà. Kí wọ́n máa rín in.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ wa tó ń lọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkukù máa jókòó sídìí tábìlì mẹ́ta lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Tábìlì kìíní wà fún Permissions, ìkejì fún WhatsApp, ìkẹta fún 2442 àti fún lẹ́tà ńlá. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa tẹ fóònù yín. Ọmọ á máa fẹnu sọ fún yín ni, kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ bá yàn fún WhatsApp, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ mọ̀ nílé, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ tó kọ́ yín. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè píìnì bánkì, ẹ pe alága lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tí kò bá kàn lónìí, a óò tún to tábìlì náà ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ní Ìnísà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iná sínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé.